Bí Mo Ṣe Di Dókítà Ẹ-Mumi

Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní Dókítà nígboro, ẹnu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tó bá ti ń ṣe ẹnu kúńdú bí ẹni tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra, mo ti mọ̀: onítọ̀hún gbé ilé Bàbá Onílé rí.

Ọdún 2018 ni. Mo gba máàkì 271 nínú 400 nídànwò JAMB, wọ́n sì pa adìẹ nílé wa. Màmá mi ti sọ fún gbogbo ìsọ̀ ọjà pé ọmọ àwọn ti di dókítà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé àwọn tó gba 290 gan-an ń sunkún, pé ìṣègùn òyìnbó níléèwé ìjọba àpapọ̀ dà bíi dánfó tó ti kún fọ́fọ́ tí kọ̀ńdọ́ ṣì ń pe èrò. Bí wọ́n ṣe ń pín in, 45 nínú 100 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí iléèwé ká, 20 tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìwé kò tíì fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀ níbẹ̀. Èmi kò bọ́ sí ìkankan. Máàkì mi kò ga tó, ìpínlẹ̀ mi kò sún mọ́ ibẹ̀ tó, a kò sì tún wá púrúǹtù tó.

Lísìtì àkọ́kọ́ jáde, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Mo wọ CAPS tí JAMB fi ń sọ ìpín oníkálukú, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni "Admission in Progress". Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ló túmọ̀ rẹ̀ fún ẹbí: "Ìyẹn ni pé ó ti gbéra. Ohun tó ti gbéra, ibo ló tún fẹ́ yà sí?" Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ilé ta ló ń lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo CAPS bí ẹni ń lo oògùn: ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀kan kí n tó sùn. Dátà tí mo jó sí i, ká ní gààrí ni mo fi rà, ǹ bá ti ní ṣọ́ọ̀bù.

Lísìtì kejì ló kù, èyí tí wọ́n ń pè ní supplementary. Màmá mi kò lè dúró dè é ní tiwọn. Wọ́n ra aṣọ funfun, wọ́n gbé e lọ bá télọ̀ àdúgbò wa, ọkùnrin tó jẹ́ pé yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé àti aṣọ kọ́áyà nìkan ló mọ̀ ọ́n rán. Kóòtù tí ó rán fún mi, ẹ ò bá wá wò ó! Ó wọ́ dé kókósẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní ṣebí ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà, àyè tí n ó máa dàgbà sí lòun fi sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí o, kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó wá fi òwú pupa kọ DR sí àyà rẹ̀. Lẹ́tà méjèèjì tóbi débi pé orúkọ mi kò ráyè mọ́.

Ẹja gbígbẹ ni màmá mi ń tà. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ wá ilé, inú báàgì tí wọ́n fi ń kó ẹja lọ sọ́jà ni wọ́n di kóòtù yìí sí. Wọ́n ní àwọn ti fọ báàgì náà. Ẹ ṣáà fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí kan náà ló ní kí n tètè gba ilé. Wọ́n ní tí iléèwé bá fi lè wọlé, yàrá 80,000 náírà á di 120,000, ilé kì í dúró de lísìtì. Họ́sítẹ́lì iléèwé kò sì ní dá ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì jáde lóhùn. Ni mo bá di ọwọ́ ajẹ́ńtì mú.

Ajẹ́ńtì yẹn gba 2,000 náírà kó tó gbé ẹsẹ̀, ó ní owó àtirìn ni. Nílé àkọ́kọ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, omi wà nínú ilé." Òótọ́ ló sọ. Omi wà nínú ilé, ó mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Nílé kejì, ó ní géètì iléèwé kò jìnnà síbẹ̀. A rìn, a rìn, a kọjá oko ẹ̀gẹ́ méjì; mo wá bi í bóyá géètì iléèwé ìlú mìíràn ló ń sọ. Ó bínú sí mi. Ilé kẹta ni ti Bàbá Onílé.

Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Mi ò gba sítúdẹ́ǹtì." Wọ́n ní èyí tó gbé ibẹ̀ gbẹ̀yìn gbé sípíkà tó ga ju òun fúnra rẹ̀ wá, ó sì jẹ owó iná oṣù mẹ́rin kó tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ti yí padà tí mo fẹ́ máa lọ nígbà tí ọwọ́ báàgì ẹja já. Kóòtù jábọ́ sílẹ̀. DR kọjú sí òkè, ó pupa bí ojú oníkà.

"Háà! Dókítà ni yín?"

Ibi tó yẹ kí n ti sọ òótọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ará, "rárá" ti dé ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n bàbá tó tó ẹni àádọ́rin ọdún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ "yín" sí èmi tí irùngbọ̀n mi kò ju mẹ́ta lọ, tí mo sì mọ orúkọ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ta ni wọ́n máa sọ "yín" sí tí orí rẹ̀ kò ní wú? Mo gbé ohùn mi sílẹ̀, mo ní, "A wà lẹ́nu ẹ̀, sà." Ẹ wo "a" yẹn. Èmi nìkan ṣoṣo.

Lójú ẹsẹ̀, 80,000 di 65,000. Ajẹ́ńtì, tí kọmíṣàn rẹ̀ ń dínkù lójú rẹ̀, kàn ń gbin. Ó gba ẹ̀san rẹ̀ lára agírímẹ́ǹtì: ìwé ojú kan péré, 10,000 náírà, wọ́n sì kọ "tenant" síbẹ̀ lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá ní kí n wọ kóòtù náà káwọn rí i. Mo wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe ń rìn kiri yàrá, tí mo ń fi ìka kan ògiri gbọngbọn bí ẹni ń yẹ àyà aláìsàn wò, ológbò wọn dìde, ó ń tẹ̀ lé mi. Mo yà sọ́tùn-ún, ó yà sọ́tùn-ún. Bàbá ní nǹkan ìyanu ni, pé ológbò náà kì í bá àlejò ṣe. Èmi tí n kò mọ̀kan yìí wá fèsì pé àwọn ẹranko máa ń dá olùwòsàn mọ̀.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Ìyá Alákàrà ló kọ́kọ́ dé, orúnkún ń ro wọ́n. Gbogbo ìṣègùn tí mo mọ̀ kò ju Báọ́lọ́jì SS3 lọ. Mo mọ̀ pé mitochondria wà, n kò mọ ohun tó lè bá orúnkún Ìyá Alákàrà ṣe. Ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ pa ìyá oníyàá, n kò jẹ́ dárúkọ oògùn kankan, Panadol pàápàá n kò dá a dábàá. Mo wá ohun tí kò lè pa ènìyàn. Mo di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo wo àjà, mo ní, "Màmá, ẹ máa mumi dáadáa."

Ó dọ̀la, Ìyá Alákàrà ń rìn yan. Wọ́n ní orúnkún ti fúyẹ́.

Ayé mi bàjẹ́ nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá Fọkanáísà gbé ẹ̀yìn ríro wá: ẹ mumi. Bàbá Onílé ní oorun kì í kun àwọn: ẹ mumi kẹ́ ẹ tó sùn, sà. Etí tó ń hó, ẹ mumi. Ìyàwó ilé kan wá fẹjọ́ sùn pé ọkọ òun kì í tètè wálé lálẹ́. Mo bi í pé, "Ṣé ó ń mumi?"

Ohun tí n kò rò ni pé ìdílé mẹ́jọ ló wà nínú ọgbà yẹn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo la sì ní. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí aago méjì òru bá lù, ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà mi. Gbogbo aláìsàn mi ló tò síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọlé: orúnkún, ẹ̀yìn, etí. Bàbá Onílé ló máa ń ṣíwájú. Oorun díẹ̀ tí wọ́n ń rí sùn tẹ́lẹ̀, mo ti bá wọn wò ó sàn. Èmi dókítà á wà lẹ́yìn pátápátá, n ó máa ta ẹsẹ̀ bí ẹṣin tí eṣinṣin ń jẹ. Lóru ọjọ́ kan mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ n ṣíwájú. Bọ̀ọ̀dá Fọkanáísà ní, "Dókítà, ẹ ní sùúrù. Oògùn yín ló ń ṣiṣẹ́."

Ẹnì kan ṣoṣo tí ìṣègùn mi ṣe lóore gidi ni ọmọbìnrin tó ń ta píọ́ wọ́tà lójúde wa, 10 náírà lọ́ra kan nígbà náà. Ìkúnlẹ̀ ló fi ń kí mi. Lọ́jọ́ kan ó gbé odindi báàgì kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní fún iṣẹ́ ribiribi tí mò ń ṣe láwùjọ. Mo gbà á, ojú kò tì mí. Òun ló sọ mí ní Dókítà Ẹ-Mumi.

Nígbà tó yá, supplementary jáde. Mo wọ CAPS, orúkọ mi wà níbẹ̀! Mo pariwo. Gbogbo ọgbà sáré jáde, Ìyá Alákàrà ń fi ọwọ́ elẹ́wà jó, wọ́n ti ń dì mọ́ mi kí n tó fara balẹ̀ ka ìlà kejì. Wọ́n ti yí kọ́ọ̀sì mi padà. Kì í ṣe ìṣègùn. Fisheries and Aquaculture ni, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ẹja àti bí wọ́n ṣe ń sìn ín. Accept rèé, Reject rèé, àwọn méjèèjì ń wò mí. Mo gbójú sílẹ̀. Ológbò Bàbá Onílé jókòó tì mí, ó ń fi imú ra etí kóòtù mi. Ó ti mọ kọ́ọ̀sì mi kí JAMB tó mọ̀ ọ́n.

"Kí ni wọ́n fún yín, Dókítà?"

"Ẹja, sà."

Bàbá ronú sí i díẹ̀. "Ṣé ẹja ní ọsibítù ni?"

N kò fèsì.

"O kì í wá ṣe dókítà nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó kọjá lọ níbẹ̀ yẹn. "O"! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo fi jẹ́ "ẹ̀yin", ìmí kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ mí di "ìwọ". Wọ́n ní kí ìwọ náà lọ wá 15,000 tó ṣẹ́kù lára owó ilé wá kílẹ̀ tó ṣú.

Mo pe màmá mi. Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù títí mo fi rò pé káàdì ti tán. "Ẹja ni mo tà tí mo fi san owó lẹ́sìnnì rẹ. Ẹja ni mo tà tí mo fi rán kóòtù. O wá gba yunifásítì lọ, o tún lọ bá ẹja." Wọ́n tún dákẹ́. "Ṣé wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yan án tí kì í fi í ní ìdin?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n tẹ Reject, pé ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà. Màmá mi ní kò burú, kí n kọ́kọ́ dá owó ilé padà. Mo tẹ Accept.

Fún bí oṣù kan, Bàbá Onílé kì í dáhùn kíkí mi. Mo kó kóòtù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń lọ sí kíláàsì mi jẹ́ẹ́jẹ́, níbi tí wọn kò tíì kọ́ wa ní nǹkankan ju GST, ẹ̀kọ́ gbogboogbò tí gbogbo sítúdẹ́ǹtì ń kọ́, lọ. Lóru ọjọ́ kan ni mo gbọ́ tí wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn.

"Dókítà! Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Ẹ" ti padà dé. Bàbá Onílé ló dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń sin ẹja àrọ̀ sínú táǹkì oníṣìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé, ó ti ń kú látàárọ̀. Mẹ́rin ti dé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ inú sókè. Ìkarùn-ún ṣì ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ìgbọ̀nsẹ̀ ti fi ìlà sílẹ̀, wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì wá yí wa ká. Ẹnì kan, n kò mọ ẹni náà, ti lọ fa kóòtù yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi kọ́ mi léjìká.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹja. Ẹja wò mí.

"Dókítà," Bàbá ní, "kí ni ká fún un?"

Gbogbo ọgbà pa lọ́lọ́. Mo di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo gbójú sókè, mo la ẹnu. Kí n tó sọ̀rọ̀, Ìyá Alákàrà ti gbà á sọ láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti sàn:

"Ẹ jẹ́ kó mumi dáadáa."