Ìyẹ́ ló sọ ọ́ di ẹyẹ

Adìẹ ìbílẹ̀ la pa lónìí Sunday. Bí mo ṣe ń tu ìyẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi sọ lánàá padà wá sí mi lọ́kàn. Àwọn àdán inú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀ ló tú jáde nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ṣú bo ojú ọ̀run, ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹyẹ!" Mo ní kì í ṣe ẹyẹ. Ó ní ṣebí ó ń fò.

Fífò kọ́. Ìyẹ́ ni. Nínú gbogbo ẹ̀dá tó wà láàyè lónìí, ẹyẹ nìkan ló ní in. Awọ lásán ló nà bo apá àdán; ó léyín lẹ́nu, ó sì ń fọ́mọ lọ́mú. Ògòǹgò tí kò lè fò rárá, ẹyẹ pọ́ńbélé ni.

Ẹsẹ̀ adìẹ náà ni mo wò títí. Bí omi gbígbóná ṣe kàn án ni awọ onípẹ́ẹ́ ara rẹ̀ ń bó, ìpẹ́ tó tò léra wọn wálẹ̀ dé ìdí èékánná, bíi ti ọ̀nì. Nínú àwọn ẹ̀dá tó ṣẹ́kù láyé, ọ̀nì ló bá ẹyẹ tan jù, torí láti ara àwọn dáínásọ̀, ẹranko ayé àtijọ́ tó jẹ́ ìbátan ọ̀nì, ni ẹyẹ ti ṣẹ̀ wá. Láti 1861 ni wọ́n ti ń rí Archaeopteryx, ẹ̀dá ayé àtijọ́ kan tí òkú rẹ̀ ti di òkúta, wà jáde ní Jámánì: ó níyẹ̀ẹ́ bí ẹyẹ, ó léyín lẹ́nu, ìrù rẹ̀ sì gùn, egungun ló wà nínú rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Ní 1758, Carl Linnaeus, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, ará Sweden, kó gbogbo ẹyẹ sí ọ̀wọ́ kan, Aves. Àgógó àti ẹsẹ̀ ló ń wò jù tó fi pín wọn: ó to idì, falcon (ẹyẹ apẹran kan tó jọ àṣá) àti òwìwí pọ̀, ó kó odídẹrẹ́ sọ́dọ̀ kannakánná. Lónìí, DNA, ohun àjogúnbá inú ara, ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ògòǹgò àti àwọn ẹbí rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ jọ wà ní agboolé kan. Nínú irú ẹyẹ tó lé ní 10,000, ìdá tó ju ìlàjì lọ ló jẹ́ ẹbí ẹ̀gà àti ológoṣẹ́, àwọn tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn mẹ́ta kọjú síwájú, tí ọ̀kan kọjú sẹ́yìn.

Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ti falcon. Àgógó rẹ̀ tẹ̀ bíi ti idì torí ẹran ni àwọn méjèèjì ń fà ya jẹ, iṣẹ́ ló sọ wọ́n di ajọra. Tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, odídẹrẹ́ ló bá falcon tan, kódà ológoṣẹ́ bá a tan ju idì lọ.