Kí ẹ tó mọ odi, ẹ kọ́kọ́ pín yàrá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa

Àbúrò ìyàwó mi kan ló wá kí wa ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, nígbà ọdún Iléyá. Ó béèrè password Wi-Fi, mo fún un, bí a ṣe ń fún gbogbo àlejò. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ló na fóònù rẹ̀ sí mi: "Bùọ̀dá, ẹ wo màmá." Ìyá mi ni mo rí lójú fóònù ọmọ náà, wọ́n jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́. Kámẹ́rà ẹ̀yìnkùlé wa ló ń wò. Kò sí ọgbọ́n àrà kankan tó fi dé ibẹ̀. Áàpù kan tó máa ń tọ́ka sí gbogbo ohun tó bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣí, ó rí kámẹ́rà, ó kọ admin síbi orúkọ, ó tún kọ admin síbi password, ilẹ̀kùn ṣí.

Ọmọ dáadáa ni, ìdí nìyẹn tó fi sọ fún mi. Ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn. Mò ń ka iye èèyàn tí mo ti fún ní password Wi-Fi wa láti ọdún mẹ́ta: ẹni tó wá tún inverter ṣe, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi, ayálégbé tó ti kó lọ. Èwo nínú wọn ló ti rí ìyá mi kí n tó mọ̀?

Bí ẹ bá ní kámẹ́rà nílé, ẹ pààrọ̀ password tó bá a wá lónìí, kí ẹ tó ka èyí tó kù. Ní ọdún 2016, Mirai, ètò kọ̀ǹpútà apanilára kan, ń káàkiri ayé, ó ń dán irú password bẹ́ẹ̀ wò lára kámẹ́rà àti àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀, ó sì ń sọ wọ́n di ọmọ ogun. Ní October 21 ọdún náà, wọ́n fi wọ́n ya lu ilé iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tó ń júwe ọ̀nà àwọn ojúlé fún kọ̀ǹpútà, Twitter àti Netflix sì ṣòroó ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kámẹ́rà inú ilé onílé ni wọ́n fi ja ogun yẹn.

Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ password, mo ra ráútà MikroTik kékeré kan, ìyẹn àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, torí mo ti gbọ́ pé firewall inú rẹ̀, tó ń dí ọ̀nà fún ohun tí a kò fẹ́, lágbára. Mo jókòó, mo kọ òfin pé kí ẹnikẹ́ni má dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà àfi laptop mi. Mo gbé fóònù ìyàwó mi, mo dán an wò. Ó ṣí. Mo tún òfin kọ. Ó tún ṣí. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń bá ráútà náà fà á, mo ti ń rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.

Ráútà kò ṣẹ̀. Èmi ni n kò mọ ibi tí firewall dúró sí. Oníbodè ni firewall. Ẹni tó bá ń ti ibì kan bọ̀ sí ibòmíràn ló ń kọjá lójú rẹ̀. Fóònù tó wà ní àdírẹ́ẹ̀sì 192.168.1.15 tó fẹ́ bá kámẹ́rà tó wà ní 192.168.1.40 sọ̀rọ̀ kò ní gba bodè rárá. Ó wo nọ́ńbà, ó rí i pé yàrá kan náà, ìyẹn 192.168.1, ni àwọn méjèèjì wà, ó sì pè é tààrà. Bí mo bá kọ ọgọ́rùn-ún òfin fún oníbodè, kò ní rí ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì ń sọ. Ibi tí mo ti yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ ni pípín àdírẹ́ẹ̀sì, kí ohun tí kò yẹ kó ríra wọn má sùn sí yàrá kan náà. Bí ẹ kò bá mú ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí.

Mo pa ráútà tì, mo mú ìwé àjákọ ọmọ mi kan. N kò ka iye ẹ̀rọ tó wà nílé. Ìbéèrè tí mo kọ sókè ni pé, ta ló yẹ kó rí ta? Ìdáhùn rẹ̀ bọ́ sí yàrá mẹ́rin. Ẹbí: fóònù wa, laptop, printer. Àlejò: wọ́n fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan, kò sí ohun tí wọ́n ń wá nínú ilé. Kámẹ́rà àti àpótí tó ń gba àwòrán wọn sílẹ̀: wọn kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni. Inverter tó ń fi iye iná ránṣẹ́ sí áàpù, àti irú rẹ̀: ó nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, kò nílò àwa.

Nọ́ńbà ló kàn. Láti 1996, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC 1918, ni wọ́n ti ya ọ̀wọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé àti ọ́fíìsì: gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, láti 172.16 dé 172.31, àti 192.168. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni 192.168.1, òun gan-an sì ni mo ní kí ẹ sá fún. Àpótí tí ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa gbé wá ń pín 192.168.1, ráútà mi àtijọ́ tí mo so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ náà ń pín 192.168.1. Ráútà kò wá mọ̀ bóyá inú ilé ni 192.168.1.1 wà tàbí ìta. Lọ́jọ́ kan íńtánẹ́ẹ̀tì á lọ dáadáa, lọ́jọ́ kejì kò ní lọ, a ó sì máa bú ojú ọjọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń dé bá ẹni tó ń fi VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì) wọ ọ́fíìsì láti ilé, tí ọ́fíìsì náà sì ń lo nọ́ńbà kan náà.

10.27 ni mo mú. Yàrá ẹbí jẹ́ 10.27.10, àlejò 10.27.20, kámẹ́rà 10.27.30, inverter 10.27.40. Yàrá kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀rọ 254, èyí sì pọ̀ ju ohun tí ilé kan lè rà lọ. Nọ́ńbà VLAN (orúkọ tí ráútà ń pe irú yàrá bẹ́ẹ̀) tí mo fún wọn ni 10, 20, 30, 40, kó bá àdírẹ́ẹ̀sì mu. Èyí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí mo bá rí 10.27.30.6 nínú àkọsílẹ̀ láàárín òru, n kò ní láti ronú kí n tó mọ̀ pé kámẹ́rà ni.

Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, .1 jẹ́ ti ráútà. Láti .2 dé .49 jẹ́ ti ohun tí kì í kúrò lójú kan. Láti .100 dé .199 ni DHCP, ètò inú ráútà tó ń fúnni ní àdírẹ́ẹ̀sì, ń pín fún ẹni tó bá dé. N kò jẹ́ kí ọ̀wọ́ méjèèjì kan ara wọn mọ́, iná ló kọ́ mi. Nígbà kan, mo fi ọwọ́ kọ .20 sínú printer, .20 yẹn sì wà láàárín èyí tí ráútà ń pín. Bí iná bá wà, kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá mú iná lọ, printer á kú, ṣùgbọ́n ráútà tó wà lórí bátìrì kò ní kú. Fóònù mìíràn á wọlé lásìkò yẹn, ráútà á pe .20 wò bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀, kò ní gbọ́ ohùn, á sì gbé e fún fóònù. Bí iná bá dé, printer á jí, á bá ẹlòmíràn lórí àga rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má fi èyí ṣeré.

Ẹ má wulẹ̀ yan àdírẹ́ẹ̀sì fún fóònù ní tiyín. Fóònù òde òní máa ń fi àdírẹ́ẹ̀sì MAC, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ han Wi-Fi kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo sì dá orúkọ Wi-Fi tuntun sílẹ̀ fún ẹbí, gbogbo ohun tí mo ti fi MAC yàn fún fóònù wa di òfo.

Ìgbà yìí ni mo tó padà sí firewall, òfin tó sì ti ń dá mi láàmú di ohun tí mo kọ láàárín wákàtí kan. Ohun kan péré ló tún fẹ́ gbé mi ṣubú, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín input àti forward. Forward ni òfin fún ẹni tó ń gba bodè kọjá lọ síbòmíràn. Input ni òfin fún ẹni tó wá bá oníbodè fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kọ òfin tó yẹ kó wà ní forward sínú input, ráútà kò ní bá yín jà, òfin náà kàn máa jókòó síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan ni. Òkè ni ráútà ti ń ka òfin wá sísàlẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ mu ló ń tẹ̀ lé.

Ní forward, èyí tó ṣáájú gba ìdáhùn láyè, ìyẹn ohun tó ń padà bọ̀ wá bá ẹni tó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ń pè é ní established àti related. Èyí tó tẹ̀ lé e ju invalid nù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí kò bá ìjíròrò kankan mu. Ẹbí lè dé ibi gbogbo. Àlejò lè jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn yàrá kankan. Inverter náà bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà kò lọ síbì kankan. Èyí tó gbẹ̀yìn lé gbogbo ohun tí a kò dárúkọ padà. Ní input, ẹbí nìkan ló lè wọ inú ráútà láti tún un ṣe. Àlejò àti inverter gbọ́dọ̀ lè béèrè orúkọ ojúlé lọ́wọ́ ráútà lórí port 53, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tó wà fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ní ọ̀nà ìfiránṣẹ́ méjèèjì, UDP àti TCP. Mo gbàgbé èyí nígbà àkọ́kọ́. Àlejò so mọ́ Wi-Fi, ó rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà, ojúlé kan kò sì ṣí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí 53 sí ìta láé, torí àwọn oníjàgídíjàgan á máa ti ojú ráútà yín sọ òkò lu ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó jẹ́ kí òfin ìkẹyìn inú forward bẹ̀rẹ̀ sí í lé èèyàn, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ máa ṣàkọsílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ láì lé ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kámẹ́rà tí mo rò pé ó ń wo gbọ̀ngàn wa jẹ́jẹ́ ń pe àdírẹ́ẹ̀sì kan lókè òkun tọ̀sán-tòru. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ tún lo Safe Mode. Mo fi òfin tó ń lé èèyàn sókè èyí tó ń gbà mí láyè lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ti ara mi síta ráútà tí mo fi owó mi rà. Bí ẹ bá ti tẹ Safe Mode nínú Winbox, ètò tí a fi ń tún ráútà MikroTik ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, tí ìsopọ̀ yín bá já, ráútà á dá gbogbo ohun tí ẹ ṣe padà. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó kúrò kí ẹ tó pa Winbox dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yín á nù.

Nǹkan méjì bàjẹ́ lẹ́yìn tí mo ṣe tán. Àkọ́kọ́ ni aago kámẹ́rà. Nítorí pé mo ti ṣẹ́ ẹ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí iná bá lọ tó padà dé, 1970 ló ń kọ sára àwòrán. Nígbà tí ẹnì kan jí bátìrì aládùúgbò wa, àwòrán wà lọ́wọ́ wa, àkókò kò sí. Mo ní kí ráútà fúnra rẹ̀ máa sọ aago fún kámẹ́rà, mo sì ṣí port 123 UDP fún un ní input, ìyẹn nìkan. Èkejì ni tẹlifíṣọ̀n. Mo ti kó o sọ́dọ̀ inverter, ìyá mi kò wá lè gbé ìwàásù láti fóònù wọn sójú tẹlifíṣọ̀n mọ́, torí ìpè tí fóònù fi ń wá tẹlifíṣọ̀n kì í kọjá bodè. Ọ̀nà wà láti gbé ìpè náà kọjá. N kò wá a. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n padà sí yàrá ẹbí, torí ilé ìyá mi ni, kì í ṣe ọ́fíìsì.

Ẹ pa UPnP. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ inú ilé ṣí ilẹ̀kùn ìta fúnra rẹ̀ láì sọ fún yín. Bí ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín bá ti ń fúnni ní IPv6, irú àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, ẹ rántí pé òfin IPv4, irú àdírẹ́ẹ̀sì tí mo ti ń sọ láti òkè, kò kan an, àtẹ òfin tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ tàbí kí ẹ pa IPv6 náà.

Bí ẹ bá fẹ́ máa wo kámẹ́rà láti ìrìn àjò, ẹ kọ́kọ́ wo àdírẹ́ẹ̀sì tí ráútà gbà láti ìta. Bí ó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí port ṣíṣí. Ọ̀wọ́ yẹn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 2012 kí ilé iṣẹ́ lè fi àdírẹ́ẹ̀sì ìta kan bo oníbàárà púpọ̀, kò sí ẹni tó lè pè wọlé láti ìta. Tiwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.72. Mo háyà sáfà kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ráútà ilé ló ń fi WireGuard, irú VPN kan, pè é jáde, èmi náà á sì bá a níbẹ̀.

Bébà inú ìwé àjákọ yẹn ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí ráútà wà báyìí, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́: orúkọ ẹ̀rọ, yàrá rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, MAC rẹ̀. Nígbà tí printer kọṣẹ́ tí mo sì wà l'Ékòó, àbúrò mi ka ìlà kan fún mi lórí fóònù, a sì tún un ṣe kí tíì tó tutù.

Ní ti kámẹ́rà ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni mo tó bi ìyá mi bóyá wọ́n tilẹ̀ fẹ́ kó máa wo ibi tí wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n ní rárá, kó kọjú sí géètì. Mo gun àkàsọ̀, mo yí i.