Bíírò adájọ́ ní Ìyágankú

Mo sin ìyá mi lọ jẹ́rìí ní kóòtù májísíréètì tó wà ní Ìyágankú, n'Ìbàdàn, lówùúrọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ wọn ò tíì délẹ̀ tí adájọ́ fi ní, “Màmá, ẹ rọra, ẹ máa wo bíírò mi.” Ọwọ́ ni ó fi ń kọ gbogbo ẹ̀rí sílẹ̀, bí ojú ìwé kan bá sì ti kún, yóò na àwọn ìka rẹ̀ bí ẹni tó gún iyán mọ́jú, kí ó tó ṣí òmíràn.

Lọ́yà wa ṣàlàyé fún mi pé lẹ́yìn yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ òfin àti iṣẹ́ lọ́yà, ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí iṣẹ́ ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ ni ó ń yan májísíréètì. Kí ó tó lè di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, ó gbọ́dọ̀ ti tó ọdún 10, ó kéré tán, tí ó ti di lọ́yà, kí NJC, ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀, kí gómìnà sì yàn án. Lójú tèmi, iṣẹ́ sùúrù ni.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ọwọ́ ni adájọ́ ṣì fi ń kọ̀wé ní kóòtù àdúgbò tiyín náà?