Ìwé Ẹ̀rí Mi Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Àìkú. Wọn ò tíì kí mi tán tí wọ́n fi bú sẹ́rìn-ín: "Màmá Tóbi, ìwọ tó gba máàsítà, tó ń gbé nílùú òyìnbó, ọmọ tìẹ náà ń fa èéfín? Kí làwa tá ò kàwé ó wá ṣe?" Àwàdà ni wọ́n pè é. Ó dùn mí wọ eegun.

Màmá wa ò wọ ilé ìwé rí. Oko ni wọ́n ń bá ìyá wọn lọ nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ìdí èlùbọ́ ni wọ́n sì ti tọ́ wa. Àmọ́ lọ́jọ́ tí bùọ̀dá mi mu sìgá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ìròyìn ti ṣáájú wọn délé. Ìyá Aláṣọ ti rí wọn, Bàbá Rísí tó ń lẹ táyà ti gbá wọn létí, Màmá kàn parí èyí tó kù ni. (Kí n má purọ́, ojú àdúgbò ò rí ohun gbogbo. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí Màmá kọ́ mi nípa ọkùnrin ò ju "bó bá fọwọ́ kàn ẹ́, oyún nìyẹn" lọ. Ọmọbìnrin tó wà ní yàrá kejì sí tiwa gboyún, wọ́n gbé e lọ Ìbàdàn, kò padà sílé ìwé mọ́.)

Èmi tí mo wá kàwé, ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, arúgbó ni mò ń tọ́jú, aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Tírélà ni Bàbá Tóbi ń wà, Sátidé la máa ń fojú kan ara wa. Bí mo bá ń wọlé, Tóbi ti jáde, kò jẹ nǹkan kan. Bó bá dé ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, oorun ni mò ń sùn. Ọdún mẹ́rin rèé tá a ti wà ní òpópónà yìí, ọkùnrin tó múlé tì wá ò mọ orúkọ mi. Bó bá rí ọmọ mi tó ń fa ohunkóhun lẹ́nu géètì rẹ̀, fèrèsé ni yóò tì.

Inú àpò kóòtù ilé ìwé rẹ̀ ni mo ti rí i, nǹkan pẹlẹbẹ aláwọ̀ píǹkì. Mo rò pé fláàṣì kọ̀ǹpútà ni, mo tilẹ̀ bá a gbé e sórí tábìlì kó má baà sọnù! Òórùn máńgòrò ló jẹ́ kí n fura. Vape ni, sìgá oníbátìrì. Òfin ní kí wọ́n má tà á fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 18, wọ́n sì ti fòfin de irú èyí tí wọ́n ń fà tán, tí wọ́n á sì jù nù, láti oṣù kẹfà 2025, síbẹ̀ ọmọ ọdún 14 rí i rà.

Ilé ìwé ránṣẹ́ pè mí. Láti ibi iṣẹ́ ni mo ti lọ, ojú mi ń pọ́n. Nọ́ọ̀sì pe Tóbi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, èmi wà lórí àga oníke ní ìta fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó jáde, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé ohun tí ọmọ bá òun sọ, ọ̀dọ̀ òun ló máa wà, àfi bí ewu bá wà níbẹ̀. Mo délé, mo wá a kà. Láti 1985 ni àwọn adájọ́ House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbí nígbà náà, ti dá ẹjọ́ tí ìyá kan tó ń jẹ́ Gillick pè pé ọmọ tí ò tíì pé 16, bí òye rẹ̀ bá ti tó, lè gba ìtọ́jú láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbọ́ sí i. Ìwé tí mo kà jẹ́ kó yé mi, kò jẹ́ kó tán nínú mi. Nílé, nọ́ọ̀sì wo ló tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá ọmọ? Àmọ́ mo tún rántí ọmọ yàrá kejì yẹn. Ká ní òun náà rí ẹnì kan tó máa ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún un.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin láàárín àwọn ọmọ ọdún 11, 13 àti 15, ní Yúróòpù àti Kánádà. Wọ́n ń bi wọ́n ní ti sìgá, ní ti ọtí, ní ti oúnjẹ àárọ̀. Àwọn ọmọ ilé tó rí já jẹ ló ń jẹun àárọ̀ déédéé jù. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ìwé òyìnbó ara ibí ló ń di iṣẹ́ ọ̀sán, iṣẹ́ ọ̀sán ló ń jẹ́ kí ìyá wà nílé láti po àkàmù. Tèmi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn náà, ti Ifẹ̀ lókè, ti ibí nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi ọmọ ránṣẹ́ sílé, àwọn á bá mi tún un ṣe. Mo ní, "Àǹtí mi, ta ni ó máa ṣọ́ ọ?" Ìyá Aláṣọ ti kú. Wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì yí gbogbo agboolé ká, oníkálukú ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Bùọ̀dá mi tó mu sìgá lọ́jọ́sí ti di lọ́yà, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì ni wọ́n gbé dìgbàdìgbà lọ ọsibítù nítorí oògùn ikọ́ oní-codeine, lẹ́yìn tí ìjọba ti fòfin dè é ní 2018. Àǹtí mi dákẹ́. Èmi náà mọ̀ pé mo ní láti rí nǹkan kan sọ tí kò ní jẹ́ kó dà bíi pé àṣìṣe ni mo ṣe tí mo wá síbí.

Mo ti jọ̀wọ́ alẹ́ méjì nínú mẹ́rin. Owó ti dín, ó sì hàn. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, dòdò ni mò ń dín nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́nu ọ̀nà. Tóbi dúró, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ò sùn?"