Ọdún 2025 tèmi: èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo san án

Ẹ kú ọdún o, ẹ sì kú ìnáwó. Oṣù Kejìlá ti fẹ́ẹ́ parí, jẹnẹ aládùúgbò ń ké, aṣọ mọ́kànlá ló ṣì wà nílẹ̀ tó yẹ kó ti jáde kọ́dún tuntun tó dé, èmi wá jókòó mò ń tẹ fóònù. Ìyàwó mi ti bú mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni mo máa ń kọ bí iṣẹ́ ara mi ṣe lọ sí, tọdún yìí ò ní fò mí.

Ẹni tí ò bá mọ̀ mí, télọ̀ ni mí, aṣọ ọkùnrin ni mò ń rán, Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Títí di 2022, iṣẹ́ oṣù ni mò ń ṣe ní iléeṣẹ́ kan lọ́nà Ṣàgámù, inú sítọ̀ ni wọ́n fi mí sí. Mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó lọ síbẹ̀ o, mo ti ṣe fíríídọ́ọ̀mù gan-an, àwọn ará ilé ló ní olówó oṣù ló ń sùn dáadáa.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi mí ni pé ṣé owó iṣẹ́ ara mi yìí ju owó oṣù àtijọ́ lọ. Ní May àti June, ó jù ú lọ fíìfíì. Ní July àti August, ẹ má bi mí. Àmọ́ kì í ṣe owó ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Ṣàgámù ná. Lóṣù kan, páálí ọjà mẹ́fà dàwátì nínú sítọ̀. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀. Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi, ìwé tí mo sáìnì kí n tó lọ sílé sì sọ pé ọjà pé. Ìgbà tí álẹ́ẹ̀tì owó oṣù wọlé, 11,500 náírà ti fò lọ lórí ẹ̀. Mo lọ béèrè, wọ́n ní àwa márààrún la jọ máa pín in, torí pé ẹgbẹ́ ni wá. Ẹgbẹ́ kẹ̀! Ọdún mẹ́rin tí mo lò níbẹ̀, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rí nígbà tí èrè bá dé. Mo ṣì lo oṣù mẹ́jọ sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn, torí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ni, àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an lọkàn mi ti kúrò níbẹ̀.

Ó wá ku tọdún yìí. Ẹni tó bá ń rán aṣọ ọkùnrin nílùú wa, Ojúde Ọba, àjọ̀dún tí àwọn ará Ìjẹ̀bú fi ń lọ kí Awùjalẹ̀, ọba wa, ni ìkórè ẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, á yọ, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tiẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí bùbá òun há ju ti ẹnìkejì lọ lójú gbogbo ayé. June 18 ló bọ́ sí lésìí, tọdún yìí bọ́ sí June 8, torí oṣù tó bá lé ni Iléyá ń tẹ̀ lé, bíi ọjọ́ mẹ́wàá, mọ́kànlá ló fi ń sáré síwájú lọ́dọọdún. Àwọn kọ́sítọ́mà mi ò gba ìyẹn gbọ́. Ìgbà tí wọ́n gbé aṣọ wá lésìí náà ni wọ́n tún gbé e wá, ni mo bá di ẹni tó ń gé aṣọ ní aago kan òru.

Mo ní Bàbá Ìbejì méjì nínú ìwé ìwọ̀n mi. Ọ̀kan, ikùn wọn 46. Ìkejì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, 33. Pèéjì wọn tẹ̀ léra. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo gbé aṣọ ẹgbẹ́ Bàbá Ìbejì tó sanra kalẹ̀, mo ṣí pèéjì, mo rí “Bàbá Ìbejì”, mo ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Agbádá ò níṣòro, òun gba tọmọdé tàgbà. Bùbá àti ṣòkòtò ló tú àṣírí mi. Mo ti rán ṣòkòtò yẹn dé bèbè ìdí kí ọmọ iṣẹ́ mi tó gbé e sókè láàárọ̀, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé tọmọ Bàbá Ìbejì lèyí ni?”

Ara mi tutù bí omi inú àmù.

Mo yí gbogbo ọjà Òkè-Ajé, mi ò rí àwọ̀ yẹn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ní aṣọ ti tán. Ọjọ́ kejì mo ti wà ní Balógun l'Ékòó, mo ń na ègé aṣọ sí ẹni gbogbo lójú, ìgbà tó di ọ̀sán ni ìyá kan fà á yọ lábẹ́ ẹrù. Yáàdì márùn-ún ní 4,500, ó di 22,500, owó mọ́tò lọ-bọ̀ jẹ́ 8,000. Owó iṣẹ́ tí mo gbà lórí aṣọ yẹn lódindi, 35,000. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò: 4,500 ló kù, mi ò tíì sọ̀rọ̀ òwú àti gọ́ọ̀mù.

Mo pe Bàbá Ìbejì fúnra mi, mo ní ẹ má bínú sà, èmi ni mo gé aṣọ yín bàjẹ́, mo ti ra òmíràn, ẹ ó wọ aṣọ yín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́, wọ́n ní ṣebí ǹ bá kúkú ti sọ fáwọn kí àwọn gbààwẹ̀ dé ọjọ́ náà. Ìyá Ìbejì ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn o. Àwọn ló máa ń kó aṣọ àwọn ìbejì wá bá mi, láti June mi ò tíì fojú kàn wọ́n. Bùbá àti ṣòkòtò tó bàjẹ́ yẹn ṣì wà lórí ìgbékọ́, ó bá Bàbá Ìbejì kejì mu rẹ́gírẹ́gí, àmọ́ ẹgbẹ́ tiwọn ọ̀tọ̀, wọn ò lè wọ̀ ọ́.

Nǹkan tó yà mí lẹ́nu ni pé kò dùn mí. 30,500 ju 11,500 lọ fíìfíì, àmọ́ ti 11,500 yẹn ṣì ń ta mí lára tí mo bá gba ọ̀nà Ṣàgámù kọjá. Èyí, èmi ni mo gé e, èmi ni mo wá a, èmi ni mo san án, ó parí síbẹ̀. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ọmọ tuntun. Táwọn èèyàn bá ń ka àǹfààní iṣẹ́ ara ẹni, wọn kì í ka èyí mọ́ ọn, lójú tèmi òun gan-an ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn.

Ẹ má rò pé mo ti di wòlíì ṣá. Ní oṣù Kẹta mo yọ mọ́tò àtijọ́ kúrò nídìí máṣíìnì méjèèjì, mo gbé sẹ́fò, mọ́tò ìgbàlódé, sí i, torí tẹ́sẹ̀ ò bá ti sí lórí pẹ́dà, sẹ́fò kì í fi bẹ́ẹ̀ fa iná, sólà kékeré sì ń gbé e. Áyọ́ọ̀nù ni sólà mi ò lè gbé, iná tó ń fà ti pọ̀ jù, la bá padà sídìí eléèédú bíi tayé àwọn bàbá wa. Ní oṣù Kẹwàá, ẹ̀ta iná ta jáde lára ẹ̀, ó jó kàfùtáànì oníkàfùtáànì lápá lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kékeré. Mo pariwo. Ẹnu mi ti là láti sọ pé mà á máa yọ ọ́ nínú 1,000 tí mò ń fún un jẹun lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè kí n tó rántí álẹ́ẹ̀tì Ṣàgámù. Àbí ta ló ra áyọ́ọ̀nù tí ìdérí ẹ̀ ò dé, torí pé ó pọ́ọ́kú? Mo san owó aṣọ yẹn. Àmọ́ mo bínú sí i fọ́jọ́ méjì, mi ò ní purọ́.

Ti owó, ṣókí: mo ń san 2,000 fún alájọ lójúmọ́. Lóṣù tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́, alájọ á mú ti ọjọ́ kan, 58,000 á kù, òun lowó oṣù tí mò ń san fún ara mi. Ìyókù, ti ṣọ́ọ̀bù ni, mi ò kì í fọwọ́ kàn án. Lésìí tí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, mo jẹ owó June tán ní July.

July tọdún yìí náà rèé, ọjọ́ 13 ẹ̀ ni Awùjalẹ̀ wa, Kábíyèsí Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà, ẹni ọdún 91, tó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1960. Bàbá mi ò mọ Awùjalẹ̀ míì nígbà tó lójú mọ̀nà, èmi náà ò mọ òmíràn. Gbogbo aṣọ tí mo sáré rán yẹn, Ojúde Ọba ìkẹyìn wọn la wọ̀ ọ́ lọ, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ibà mú mi ní September, ọjọ́ mẹ́sàn-án, kọ́bọ̀ ò wọlé. Ibẹ̀ yẹn, olówó oṣù jù mí lọ. Pẹ́ńṣọ̀n tí ìjọba ṣí fún àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ara wa láti 2019, mi ò tíì forúkọ sílẹ̀, ọ̀lẹ ni, mi ò ní àwáwí. Wọ́n sì ní láti January, òfin tuntun ò ní gba owó orí lórí 800,000 àkọ́kọ́ tí èèyàn bá pa lọ́dún. Inú mi dùn, mo jókòó ṣírò èrè mi, mo bá a pé mo ti kọjá ibẹ̀, inú mi wá bàjẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún dùn.

Màámi ń gba ìtọ́jú ojú ní Tuesday. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ, mi ò kọ lẹ́tà gbàyè sí ẹnikẹ́ni.

Mo ti ra ìwé ìwọ̀n tuntun fún 2026. Iléyá máa fẹ́ẹ̀ bọ́ sí ìparí May, mo ti ń kìlọ̀ fún wọn. Mo kọ àdúgbò mọ́ orúkọ báyìí, pẹ̀lú bírò pupa: Bàbá Ìbejì Mólípa, Bàbá Ìbejì Pòrógun. Láàná ni ọkùnrin kan wọlé, bàbá ìbejì lòun náà, mo bi wọ́n pé àdúgbò wo ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní Mólípa.