Iná 59 gééré

Láàárọ̀ yìí ní Sùúrùlérè, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ń dún, èmi náà ń bá ti inú géèmù jà. Myst lorúkọ géèmù náà, géèmù àdìtú tó jáde lọ́dún 1993. Bọ́tìnì mẹ́wàá ló wà tí wàá máa tẹ̀, kí iná jẹ́ 59 volt gééré. Bó bá fi díẹ̀ lé, gbogbo ẹ̀ á kú, wàá tún lọ gun òpó kó o tó lè tan án padà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi wá nọ́ńbà yẹn kí n tó rí i nínú ilé ìṣọ́. Inú bí mi gan-an ni!

Ṣùgbọ́n nígbà tí 59 yọ, mo pariwo. Màmá mi sáré wọlé: "Kí ló dé, ọmọ mi?" Géèmù oníbọn ò fún mi nírú ayọ̀ yẹn rí.

Ẹ̀yin ńkọ́, ibo ló ti há yín rí?