Ta la wá ń kí?

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo rù wálé láti ọjà Bódè n'Íbàdàn lónìí, mi ò sì rí ibi tí mo máa sọ̀ ọ́ sí.

Màmá wa ọlọ́jà tó ń ta ewé àti egbò ló sọ ọ́. Wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Egbò ẹ̀gbẹ̀sì ni wọ́n ń dì, wọ́n fi eyín já okùn, wọ́n ní, "Ta la wá ń kí nígbà yẹn?"

Èmi ni mo fà á. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé, mi ò mọ ibi tó yẹ kí n dúró. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń fi gbogbo ewúro yìí ṣe gan-an, àbí ọbẹ̀ gbogbo yunifásítì ni mò ń sè? Mo ní rárá mà, ìwádìí ni, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló wà nínú rẹ̀, bakitéríà. Kì í ṣe lára ewé o, inú ẹran ewé gan-an. Wọ́n ń gba ojú ibi tí gbòǹgbò bá ti sán wọlé, tàbí ojú ihò tí ewé fi ń mí, wọ́n á sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Wọn kì í pa ewé lára, ewé náà kì í lé wọn. Mo wá fi kún un pé lára oògùn tí à ń sọ pé igi ló ṣe é, ó lè jẹ́ àlejò inú igi ló ṣe é. Mo rò pé inú wọn máa dùn ni.

"Ta la wá ń kí nígbà yẹn?"

Ni wọ́n bá kọjú sí obìnrin kan tó ń ná orógbó. Ó parí. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, mo sanwó, mo wọ Micra. A ò tíì dé Mókọ́lá tí ẹ̀rín náà fi tán lẹ́nu mi.

Torí mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyá àgbà wa kì í dédé já ewé. Ìdájí ni, kí wọ́n tó bá ẹ̀dá alààyè kankan sọ̀rọ̀, wọ́n á dúró nídìí ewúro ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á kí i, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á sọ ẹni tó ń ṣàìsàn àti ohun tí wọ́n bá wá. Àwa ọmọdé a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Èmi ni mo mọ̀ wọ́n sín jẹ jù. Bó bá wá jẹ́ pé gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó yẹ kó jẹ́ wọn lóhùn wà nínú ilé, tí ilẹ̀kùn lásán ni wọ́n ń kí...

Ní láàbù ńkọ́? Abọ́ omi ìkẹyìn hù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ láti oṣù kejì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ethanol 70% (ọtí apakòkòrò), bílíìṣì, ethanol lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a tó wá fi omi tí kò sí ohun alààyè kankan nínú rẹ̀ ṣan ewé, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Gbogbo ohun tó wà lára ewé gbọ́dọ̀ kú kí ọ̀bẹ tó kàn án. A ó wá da díẹ̀ nínú omi ìkẹyìn yẹn sínú abọ́ lọ́tọ̀, sórí ágà, oúnjẹ dídì tí bakitéríà ń hù lé. Bí abọ́ yẹn bá mọ́ roro, a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó hù lẹ́nu ibi tí a ti gé ewé, inú ló ti jáde wá. Bí kò bá mọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ nǹkan kan. Ẹyọ kan péré ló hù. Funfun, róbótó, bí ìgbà tí èèyàn fi orí abẹ́rẹ́ kan ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo kó dànù.

(Iná ti lọ láti àná o. Incubator tó ń mú àwọn abọ́ móoru kú, gẹ́ẹ̀nì ò lépo, àwọn abọ́ sì hù bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Ooru Ìbàdàn nìkan ti tó wọn.)

Èyí tó dùn mí jù nínú àwọn tó hù lẹ́nu ibi tí a ti gé ewé ni ọ̀kan tó le gbọ́ngbọ́n mọ́ ojú ágà, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀, ohun tí wọ́n ní ká má ṣe nìyẹn. Mo rò pé ẹbí Streptomyces ni, àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ tí streptomycin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti ara wọn jáde. Ó lè jẹ́ inú ewúro ló ń gbé láti ọjọ́ yìí. Ó lè jẹ́ eruku títì ló gbé e wá. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́, mò ń wò ó. Ìwọ ta ni?

Ìbéèrè màmá náà nìyẹn. Ó kàn wọ aṣọ láàbù ni.

Mo kà nípa èròjà kan tó ń jẹ́ maytansine nígbà tí mo dé ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ ìtàn rẹ̀. Ní 1972 ni wọ́n kéde rẹ̀, láti ara igi Maytenus kan ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ó le, díẹ̀ rẹ̀ báyìí ń pa sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ti so ọmọ rẹ̀ kan mọ́ oògùn jẹjẹrẹ ọmú tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2013. Ṣùgbọ́n ó jọ ohun tí bakitéríà ń ṣe ju èyí tí igi ń ṣe lọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń rú àwọn onímọ̀ lójú tipẹ́. Ní 2014 ni àwọn kan ní Jámánì tú gbòǹgbò igi Putterlickia ti Gúúsù Áfíríkà wò, tí maytansine wà nínú òun náà: àwọn bakitéríà inú gbòǹgbò ló ń ṣe é. Igi ló ń gba orúkọ.

Orúkọ ta ló wà lórí iṣẹ́ ta. Hmm. Mo ti ṣèlérí fún yín pé mi ò ní í sọ ti ìwé ìwádìí yẹn àti orúkọ tó wà lórí rẹ̀ níbí mọ́, mi ò sì ní í sọ ọ́. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó wà nínú gbòǹgbò, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀gànjọ́ òru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù... Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, mò ń ṣàbùmọ́. Ewúro ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ìkorò. Òun ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, àwọn èròjà bíi vernodalin yẹn. Ní 1987, ní òkè Mahale ní Tanzania, wọ́n rí abo ìnàkí (chimpanzee) kan tó ń ṣàìsàn, tí kò lè jẹun dáadáa. Ó ṣẹ́ ọ̀mùnú ewúro, ó bó èèpo rẹ̀, ó ń fa omi inú rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ìnàkí ò kí ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí ni mo mọ̀ nípa ohun tí ìnàkí ń sọ nínú ara rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ "àlejò" tí mo lò fún màmá náà kò tún tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Igi kékeré kan wà ní Ṣáínà, Ardisia crenata, wọ́n ń lò ó nínú egbòogi ọ̀dọ̀ wọn. Ṣe ni etí ewé rẹ̀ ní kókó wínníwínní bí etí bùbá tí wọ́n ṣẹ́ lọ́wọ́. Inú kókó wọ̀nyẹn ni bakitéríà rẹ̀ wà. Láti inú èso ni wọ́n ti ń bá a bọ̀, ìyá ń fà wọ́n lé ọmọ lọ́wọ́, àwọn ló sì ń ṣe èròjà kan pàtàkì tí wọ́n ń rí nínú ewé náà. Bí igi bá pàdánù wọn, kò ní í lè dàgbà, á kàn rá síbẹ̀ ni. Èwo wá ni onílé níbẹ̀? A kì í pe ẹni tí a bí ilé mọ́ ní àlejò. Mo máa padà lọ sọ fún wọn. Rárá, mi ò ní í lọ. Wọ́n á tún bi mí ní òmíràn.

Egbò ẹ̀gbẹ̀sì tí wọ́n ń dì yẹn gan-an ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn rí tramadol, oògùn ìrora tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́, nínú rẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Bẹ́ẹ̀ ni, tramadol tí wọ́n ń gbé mì ní gáréèjì. Ariwo ta: Áfíríkà ti ní tirẹ̀ nínú igbó látayébáyé! Ó di ọdún kejì, àwọn mìíràn lọ yẹ ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ wò. Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ àríwá ló ń fún màlúù ní tramadol kí wọ́n lè fara da iṣẹ́ oko nínú oòrùn. Màlúù ń tọ̀ ọ́ sílẹ̀, gbòǹgbò ń fà á mu. Àwọn tó kọ́kọ́ kéde ò gbà, wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀ náà títí.

Bó bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé màlúù la fẹ́ máa kí?

Ẹ̀rín pa mí lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi nìkan, nínú òkùnkùn. Mo rí ìyá àgbà tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí màlúù Fúlàní ní ìdájí. Ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wá sọ sí mi lọ́kàn. Ṣé "ẹ" ni wọ́n máa ń sọ fún ewúro àbí "o"? Torí bó bá jẹ́ "ẹ káàárọ̀" ni, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. "Ẹ" là ń pe àgbà kan ṣoṣo, "ẹ" náà là ń pe èrò. Ìkíni ẹyọ kan ti kárí onílé àti ayálégbé, màmá Bódè á sì rí ìdáhùn gbà. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú méjì. Àfi bí mo ṣe rántí pé ìyá àgbà fúnra wọn ló gbin ewúro yẹn. Ta ló ń pe ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ní "ẹ"?

Mo pe màámi. Aago mẹ́wàá ti kọjá, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wọ́n. Mo ní kò sí nǹkan, mà, mo kàn fẹ́ mọ bí ìyá àgbà ṣe ń kí ewúro ni.

"Ewúro ẹ̀yìnkùlé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé owó fóònù ti tán. Wọ́n ní àwọn ò rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn rántí ni pé ìyá àwọn máa ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun.

Mo ní mo ti jẹun. Mi ò tíì jẹun.